“Mo Ń Bọ̀” Tí Láoyè Tẹ̀ Sílẹ̀

…ó tún ṣókùnkùn. Mo tún gbé e láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá sínú tuntun, ó tún kọ̀, kò jí. Kí ló dé gan-an? Gbogbo rẹ̀ ni mo kó wá o, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀—síbẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tuntun yìí dúdú bí ìdí ìkòkò. Àmì kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú sí mi.

Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó ń jí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni, ètò kan tó ń ṣe bí odindi ẹ̀rọ, tí Láoyè ọkọ mi tò síbẹ̀—tí mo bá pè é, á jí, á ní ọjọ́ tí ọkọ mi jáde kẹ́yìn ni òní. Aago rẹ̀ ò mọ̀ pé a ti sin Láoyè. Gbólóhùn tó tẹ̀ kẹ́yìn á sì wà lójú rẹ̀: Mo ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nínú ọ́fíìsì wa. Ẹni tó bá fẹ́ dìde á tẹ “Mo ń bọ̀”, kí ẹlòmíì má baà gba ìjókòó rẹ̀. Láoyè tẹ̀ ẹ́, ó mú kí ẹ̀rọ náà sùn, ó gun ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n… Kò pa ẹ̀rọ náà. Ta ló ń bọ̀ tó ń pa nǹkan?

Oríkì agboolé wọn ní Ìlódè, gbogbo èyí tí ìyá rẹ̀ kì tí òun sì tẹ̀ sílẹ̀, inú ibẹ̀ ló wà. Àrùn sì ti gba ohùn lẹ́nu Màmá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ti ń kérora. Tó bá kú kí n tó kó oríkì yẹn kúrò—ó parí nìyẹn.

“Àǹtí Ràbí, ẹ pa á pátápátá kẹ́ ẹ tó gbé e. Ètò tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí ohun tó sùn sínú ètò míì.” Akóredé ló sọ bẹ́ẹ̀, òun tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Pa á! Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Oríkì ò ní sọnù, Láoyè ti tọ́jú ìyẹn. Mo ń bọ̀ nìkan ni kò tọ́jú; tí mo bá pa á, ìyẹn á pa rẹ́. Kí n tún un tẹ̀ fúnra mi ńkọ́? Ìka ọwọ́ tèmi nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá àgbà wa ní Òkèrèwè máa ń ní akúdàáyà kì í gbé ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, àfi lọ́jọ́ tí ojúlùmọ̀ bá já lù ú. Wọ́n á wò yíká, wọn ò ní rí i mọ́… Háà. Ìlú tuntun ni mo ń gbé e lọ. Èmi ojúlùmọ̀ ni mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣé kò ní…

Rárá. Ẹ̀rọ kì í sá. Ràbíátù, má tan ara ẹ. Ọjọ́ tí Akóredé ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lo ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Oríkì kọ́ lò ń gbé kiri. Ọkọ ẹ lo fẹ́ kó padà wá jókòó.

Mo padà sídìí èyí àtijọ́. Ó jí. Mo ń bọ̀. N kò pa á rẹ́ o—mo ń tẹ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀: Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá.

Àmì kékeré ń ṣẹ́jú níbí náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì tó máa pa á pátápátá… Láoyè kò bọ̀ mọ́.