Ìsinmi Lẹ́yìn Ilé Toakase

"Ìyàwó wa, kókò yìí ò tíì tó nǹkan kan o!"

Toakase ló ń pariwo láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Lesieli ò gbójú sókè. Láti aago méje àárọ̀ ló ti ń bó kókò, ọwọ́ ti ń yún un dé ìgúnpá. Àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀bẹ lọ́wọ́ oníkálukú.

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó dáhùn.

"Díẹ̀ kẹ̀? Igba èèyàn ló ń bọ̀ lọ́la! O wá ń bó o bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Lesieli náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni.

Ìsinmi ni Lesieli wá o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìsinmi! Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti fẹ́ Maka, àwọn méjèèjì ò jọ jáde lọ síbì kan rí, àfi kó jẹ́ ìsìnkú tàbí ìpàdé ìjọ. Ọdún méjì gbáko ló fi wẹ ìyá Maka, tó fi ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu, títí tí màmá fi kú ní oṣù kẹta ọdún yìí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Maka fúnra rẹ̀ la ẹnu, tó ní, "Ọjọ́ márùn-ún, Lesi. Èmi àti ìwọ nìkan. Vava'u la ń lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé a wà níbẹ̀." Lesieli gba àyè níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà ní Nuku'alofa, olú ìlú Tonga, Maka gba àyè nílé iṣẹ́ iná, wọ́n wọ bàlúù lọ sí erékùṣù náà ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì gba yàrá kékeré kan lẹ́bàá èbúté Neiafu, láàárín àwọn òyìnbó tó wá wo ẹja àbùùbùtán.

Ẹja àbùùbùtán kọ́ ló gbé Lesieli wá ní tiẹ̀. Ihò Alápàńdẹ̀dẹ̀ ló fẹ́ rí. Ihò àpáta kan ni, ọkọ̀ ojú omi lè wọ inú rẹ̀ tààrà, tó bá sì ti di ọ̀sán tí oòrùn bá rọ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wọ abẹ́ omi níbẹ̀, gbogbo ẹja á máa dán. Ọdún mọ́kànlá ni Lesieli ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nípa ihò yìí. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù ló fi máa ń yà á sójú pátákó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" Lesieli ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Nínú bàlúù ló ti sọ fún Maka pé, "Bá a ò bá ṣe nǹkan mìíràn, gbé mi débẹ̀. Bá a bá padà sílé láìdébẹ̀, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ìsinmi fún mi mọ́ títí mo fi máa kú." Maka ní, "Ṣé torí ihò yẹn náà ni? A ti débẹ̀ tán."

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lóòótọ́, kò sí ará Tonga tó máa jókòó sínú yàrá nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá ń dún. Lesieli ní kí wọ́n wá ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lọ, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n sì tètè jáde. Maka ní rárá, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ló tẹ́ òun lọ́rùn. Ó dáa, wọ́n jókòó sẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin kejì bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbe ohùn ìsàlẹ̀ nínú kwáyà ò ká a. Maka sì rèé, òun ni olórí ohùn ìsàlẹ̀ ní ìjọ tiwọn. Ó fara dà á títí dé ẹsẹ kejì. Ní ẹsẹ kẹta, ó la ọ̀fun.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú padà. Nígbà tí ìsìn parí, pásítọ̀ béèrè pé ta ló ni ohùn yẹn. Ọkùnrin yìí dìde! Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ abúlé wọn. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni kò fi kún un. Kí wọ́n tó rìn dé ilé àlejò, mọ́tò Toakase ti wà níwájú ibẹ̀.

Toakase ni ẹ̀gbọ́n Maka lóbìnrin, Vava'u níbí ló lọ́kọ sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa pé ọdún mọ́kànlélógún lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Lọ́dọ̀ tiwa, arábìnrin ló ga ju arákùnrin lọ, ọmọ arábìnrin náà sì ga jù ú lọ. Bí inàwó bá dé, arákùnrin ìyá ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ ló ń wà lẹ́yìn ilé nídìí iná. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́. Maka kì í jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú Toakase, ká má tíì sọ pé á wo ojú rẹ̀, á sì ní rárá. Ọdún méjì sẹ́yìn, Toakase wá kí wọn ní Nuku'alofa, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ Lesieli, ó ní, "Èyí mà dára o." Kó tó dalẹ́, ẹ̀rọ ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Vava'u. Maka fúnra rẹ̀ ló gbé e dé èbúté, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Báyìí ni ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá lọ sí ihò lọ́jọ́ Mọ́ńdè ṣe di ọjọ́ Túsìdeè. Òní ni Túsìdeè. Àárọ̀ Tọ́sìdeè ni bàlúù wọn ń padà. Lesieli ju ọ̀bẹ sínú agbada, ó dìde.

Ó bá Maka nídìí ihò iná tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, ó ń to òkúta, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa.

"Maka, aago mọ́kànlá ti lù. Aago kan ni ọkọ̀ wa ń lọ."

Maka họ orí. "Ọkọ̀ yẹn…"

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Mo ti pè wọ́n láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n fi àyè wa fún ẹlòmíràn."

"O ṣe kí ni?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀gbọ́n mi ní ká sun, Lesi. Ta ló máa sun ún? Mo fẹ́ sọ fún ẹ, àyè ni ò sí."

"Àyè ò sí láti bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ àyè wà láti pe ọlọ́kọ̀."

"Ohùn rẹ ń lọ sókè o."

"Kò tíì lọ sókè. Bó bá lọ sókè, wọ́n á gbọ́ ọ ní Fíjì."

"Jọ̀ọ́, fọwọ́ wọ́nú. Lọ́dún tó ń bọ̀…"

"Má wulẹ̀ parí ẹ̀!"

Ó yí padà. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, omi ojú yẹn sì tún wá ń bí i nínú sí i. Ó padà sídìí agbada kókò, ó ń bẹ́ èèpo nípọn-nípọn, kò bìkítà.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọkùnrin gọbọi kan gba ẹ̀yìn ilé wọlé, tó gbé ẹja ńlá méjì kọ́ èjìká. Paea ni, àbúrò ìyá Lesieli lọ́kùnrin ló bí i. Òun ló ní ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ ewé kan tó fi ń gbé àlejò káàkiri àwọn erékùṣù. Wọn ò tíì rí ara wọn látìgbà tí wọ́n sin ìyá Lesieli, ọdún méje rèé.

Ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ léjìká Paea. "Ẹ̀gbọ́n Lesieli? Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"O ò rí i? Mò ń bó kókò."

"Ẹ̀yin? Lẹ́yìn ilé?" Ó wo àwọn obìnrin náà bí ẹni tó bá olè nínú ilé. "Ẹ wà ní Vava'u, ẹ ò sì sọ fún wa! Bí bàbá mi bá gbọ́ lọ́run pé fahu wa ń bó kókò lẹ́yìn ilé onílé, á tún kú lẹ́ẹ̀kejì."

Fahu ni à ń pe ọmọ arábìnrin nínú ilé arákùnrin ìyá rẹ̀. Ó lè wọlé níbẹ̀ kó mú ohun tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Bí Toakase ṣe rí sí Maka, bẹ́ẹ̀ náà ni Lesieli rí sí Paea. Kò lo ẹ̀tọ́ yìí rí láyé rẹ̀. Ojú máa ń tì í láti lò ó, torí ó mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Toakase yọ jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Paea, o ṣeun o. Gbé ẹja yẹn kalẹ̀, kó o sáré lọ bá mi kó ọgọ́rùn-ún àga yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì erékùṣù Nuapapu. Mo fẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n."

Ẹnu Lesieli ló kàn ṣàdédé là. "Paea, mo fẹ́ ọkọ̀ rẹ lọ́sàn-án yìí."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ àwọn obìnrin.

"Ọkọ̀ wo?" ni Toakase wí. "Ọkọ̀ tó fẹ́ lọ kó àga mi?"

"Ọkọ̀ ọmọ àbúrò ìyá mi."

Kí ni Toakase fẹ́ sọ? Bó bá sọ pé fahu ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ̀rọ ìránṣọ á padà sí Nuku'alofa nìyẹn, gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló sì mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́, ó ní wúyẹ́-wúyẹ́, "Òótọ́ sáà ni."

"Àga mi wá ńkọ́?" Ohùn Toakase ti wálẹ̀.

"Paea á bá yín kó wọn láàárọ̀ ọ̀la. Àga ò ní sá lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ o. Kókò wà nínú omi."

Ó fọ ọwọ́, ó ń lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ihò iná, kò dúró. "Ihò Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni mò ń lọ, Maka. Bó o bá ń bọ̀, máa bọ̀."

Ní èbúté, Paea bọ́ sínú ọkọ̀, ó ń nu ìjókòó fún un. "Ọkọ̀ yín rèé, ẹ̀gbọ́n. Ibi tó bá wù yín la ń lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Lesieli wo ẹ̀rín yẹn. Ó ti rí i rí. Òun ló wà lójú Maka lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí èbúté. Kò lè wọkọ̀.

Maka sáré dé, eérú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Lesi, jọ̀ọ́, padà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn jókòó ni. Ṣó o mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé ó rẹ̀ ẹ́. Paea, ṣé o fẹ́ gbé mi lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"N ò bi ẹ́ pé ta ló ni ọkọ̀. Mo ní ṣé o fẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í bi èèyàn bẹ́ẹ̀."

"Èmi bi ẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Paea. Ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀. "Ká sọ òótọ́, rárá o. Láti ìdájí ni mo ti wà lórí omi. Mo ṣèlérí fún ìyàwó mi pé ọ̀sán òní, èmi àti òun nìkan la jọ máa wà. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń ṣèlérí ẹ̀. Kí n tó kúrò lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n Toakase, mo pe Fusi pé ó tún di ọjọ́ mìíràn. Ó ní, 'Mo mọ̀.' Ló bá gé fóònù."

Lesieli mọ "Mo mọ̀" yẹn. Òun náà ti sọ ọ́ ju bó ṣe lè kà lọ. Ó jókòó sórí òkúta èbúté.

"Ṣé ó ti dé inú ihò yẹn rí?" ó béèrè.

"Fusi? Ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbé níbí, kò débẹ̀ rí. Ṣebí àwọn òyìnbó ni mò ń gbé lọ."

Omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Lọ pè é wá."

Maka ló sọ̀rọ̀. Lesieli yíjú sí i, àmọ́ Maka ò wò ó, ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún eérú ló ń wò. "Sáré lọ pè é, Paea. Kí oòrùn tó kúrò nínú ihò. Sọ fún un pé ìwọ lo ń gbé e lọ, kì í ṣe àwa."

Paea fò sókè sí èbúté, ó sì sáré lọ. Maka sọ̀kalẹ̀ sínú omi tó kan orúnkún, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó gun orí ọkọ̀, ó jókòó. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Lesieli ò tètè gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi máa bínú," ó ní.

"Á bínú."

"Ó máa tó ọdún kan kó tó bá mi sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kó pé méjì."

Maka fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Má bínú, Lesi. Ọkọ̀ tí mo fagi lé yẹn, mi ò lójú láti sọ fún ẹ, ni mi ò fi sọ ọ́. Kì í ṣe pé àyè ò sí."

Lesieli di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wọkọ̀. Inú ṣì ń bí i. Ó jókòó tì í náà, bó ṣe ń bínú.

Nígbà tí Paea padà dé, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, obìnrin tín-ín-rín kan tó fa ojú ro. Fusi dúró sétí omi, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo àwọn méjì tó wà nínú ọkọ̀.

"Fahu àti ọkọ wọn," ó ní. "Mo mọ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ kí n wá bá yín ṣe, ẹ tètè sọ, kí n padà lọ sùn."

"Kò síṣẹ́ kankan," ni Lesieli wí, ó sì sún kí àyè lè wà. "Wá jókòó. Èmi náà ò débẹ̀ rí."