Yàrá Ẹni Tó Ń Tún Wáyà Ṣe

"Ìyàwó, tẹ ìka rẹ síbẹ̀," ni máníjà oko wí, ó sì ti ìwé kan àti tàdáwà sún mọ́ opó náà. "Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé àìfarabalẹ̀ ọkọ rẹ ló pa á."

Irọ́ gbuu. Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ rẹ̀ fi tún wáyà oníná tó yí pápá màlúù ká ṣe, kò sì sí ọjọ́ kan tó fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ dán an wò. Á já koríko tútù gígùn kan, á fi orí rẹ̀ lé wáyà, á rọra máa tì í síwájú. Bí iná bá wà níbẹ̀, á ta á lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, á dákẹ́, á tún ta á. A máa ṣẹ̀fẹ̀ pé wáyà yẹn ń sinmi ju òun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà ṣe ń dán an wò.

Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, ẹ̀rọ tó ń fi iná ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀gá oko ní òun ò ní ra òmíràn. Wọ́n fa iná ilé tààrà sára wáyà kí màlúù má baà jáde, nítorí màlúù kan wọ́n lójú ọ̀gá ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó já koríko rẹ̀ nínú ìrì òwúrọ̀. Iná yìí ò ta á kó fi í sílẹ̀. Ó gbá a mú títí ẹ̀mí fi bọ́.

"Bí mi ò bá tẹ̀ka ńkọ́?"

"O máa kó kúrò ní yàrá oko lónìí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, máa gbé ibẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi parí ilé ìwé. Ṣáà ti pa ẹnu mọ́."

Ọmọ mẹ́ta ló ní, kò sì ní ibòmíràn tó lè forí pa mọ́ sí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sunkún délé, ó dà bíi pé òun ló pa ọkọ òun lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gba òṣìṣẹ́ tuntun. Opó náà ń sá aṣọ nígbà tó rí i tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá wáyà, tó já koríko gígùn kan. Máníjà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo fóònù.

"Ọmọ mi, jù ú nù!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ wa ni."

"Iṣẹ́ ọkọ mi náà ni. Iná ilé ni wọ́n fà sí i. Irú koríko yẹn ló mú dání tó fi kú. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni."

Koríko bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Máníjà ki fóònù bọ àpò, ó lọ bá ọ̀gá.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ní ẹni tó ń tún wáyà ṣe ló ni yàrá náà, kí òṣìṣẹ́ tuntun kó wọlé. Òun náà ni wọ́n ní kó kó ẹrù opó síta. Ó gbé ìkòkò, ó gbé ẹní àwọn ọmọ, kò lè gbójú sókè.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi náà lọ́mọ nílé. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti ń wáṣẹ́."

"Mo mọ̀," ni opó náà wí. "Rọra gbé àpótí yẹn, ìdí rẹ̀ ti jẹrà."

Ó rọra gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí nínú aṣọ ilé ìwé wọn.