Kámẹ́rà Tó Dojú Kọ Ọ̀nà Adágún

Dúró. Má tíì tẹ̀ ẹ́. Gbé ìka rẹ kúrò lórí "Rà á" nínú fóònù yẹn, Saimi, kí o fetí sílẹ̀, torí bí o bá tẹ̀ ẹ́ báyìí wọn á gbé e wá, Jouko á gun òpó, á kàn án mọ́bẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní ohunkóhun mọ́. Fetí sílẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì ń gún ọ láyà.

Fetí sí kí ni, gan-an? Kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà lásán. Ilé epo tó wà ní oríta ní i, ilé ìwé ní i, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún ọkọ̀ orí yìnyín ṣe ní ju ẹyọ kan lọ. Ilé àdúrà wa nìkan ni kò ní, torí kò sí ohun tí olè lè rí níbẹ̀ ju ìwé orin àti ìkòkò kọfí lọ. Oníṣòwò ni mí. Mo ń ta igi ìdáná, mo ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń gé gẹdú. Oníṣòwò a máa ṣọ́ ọjà rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Kò sí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Kí ló wá dé tí kọfí yìí fi tutù níwájú mi, tí mi ò lè...

Ó dáa. Jẹ́ kí n tún un wò. Bí ènìyàn bá ń ṣe nǹkan létòlétò, ọkàn a máa rọlẹ̀.

Mẹ́ta ni mo rí. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ: wọ́n ní ó lè fara da òtútù ogún nísàlẹ̀ òdo. Ogún. Nígbà tó bá jẹ́ ogún la máa ń tú bọ́tìnnì ọrùn wa níhìn-ín. Kó tó di Kérésìmesì ojú rẹ̀ á ti fọ́. Èyí tó wọ́n jù lọ: ti pápákọ̀ òfuurufú ni, ó ní nǹkan tó fi ń nu ojú ara rẹ̀ bíi ti gíláàsì ọkọ̀. Kí ni opó tó ń ta igi fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe? Èyí ti àárín ló kù. Ogójì nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n kọ sí i. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti àwòrán rẹ̀, ó sì ní ooru díẹ̀ nínú tí ń yọ́ yìnyín kúrò lójú rẹ̀. Ojúlówó ni, kò sì ní àṣejù nínú. Ìríjú tó lóye, òun ni yóò rà.

Jouko náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni, nílùú ló ti ń ta irú nǹkan wọ̀nyí. Búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ má ra oníbátìrì o. Kí ẹ tó ti ẹnu ọ̀nà padà dé ìdí ààrò, òtútù á ti mu ún gbẹ."

Mo ní mo gbọ́.

"Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn án sábẹ́ etí òrùlé. Yìnyín á rọ́ wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, á gbé e lọ. Orí òpó ni kó wà. Kí ẹ sì tan iná gidi sí ọgbà yẹn, torí iná tí ojú èèyàn kì í rí tó fi ń ríran lókùnkùn, bí yìnyín bá ń rọ̀, hóró kọ̀ọ̀kan ló máa tàn padà sí i lójú. Ẹ̀ ń wò, funfun gbòò. Ẹ ò ní mọ olè yàtọ̀ sí Bàbá Kérésì."

Ọmọ yìí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, èyí tí mo mọ̀ pé yóò sọ: "Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n wọlé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Fíìmù wo lẹ wá fẹ́ máa wò báyìí, Àǹtí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ. Torí mo mọ fíìmù náà. Ẹnì kan péré ló wà nínú rẹ̀—

Rárá. Má lọ síbẹ̀. Padà sí kámẹ́rà.

Ó lè mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹranko. Ìyẹn dára. Kò ní máa dún nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Èèyàn sì lè fa ìlà sínú àwòrán rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ẹni tó bá dá ìlà náà kọjá ni fóònù yóò pariwo lé lórí. Èmi ti mọ ibi tí mo máa fa tèmi sí. Kò tíì délé, mo ti fa ìlà. Láàárọ̀ yìí mo fi bàtà nípọn sẹ́sẹ̀, mo jáde lọ wọn bó ti jìnnà tó láti ìdí òpó, bóyá ojú ènìyàn á hàn kedere. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ. Mo kọjá ibi tí àpò igi wà. Mi ò tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n dé ibi tí Bàbá Aarne máa ń gbé kẹ̀kẹ́ yìnyín rẹ̀ sí.

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Bàbá Aarne.

Jouko béèrè lórí fóònù, "Ibo lẹ fẹ́ kó dojú kọ?" Mo ní ìhà ilé igi, níbi tí ọ̀nà adágún ti wọlé. Kò jẹun mọ́. "Ìhà adágún? Àǹtí, ojú títì ni ọkọ̀ ń gbà wá. Ta ló ń ti orí adágún wá?" Mo ní, "Ibẹ̀ ni igi wà." Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ni ọgbà."

Èmi ni mo ni ọgbà. Ta ló ń ti orí adágún wá? Bí omi bá ti dì, ẹnì kan ni. Arúgbó kan tó ń gbé ní òdìkejì, tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó wa ọkọ̀ mọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ kan ti kẹ̀kẹ́ yìnyín onírin tí kò ní táyà bọ̀ jẹ́jẹ́, yóò so àpò igi kan mọ́ ìjókòó rẹ̀, yóò ju owó sínú agolo, yóò padà. Bí ìgbálẹ̀ bá fara ti ilẹ̀kùn mi, á mọ̀ pé mi ò sí nílé, á mú igi, á sì tún ìgbálẹ̀ náà gbé dáadáa kí ó má baà ṣubú. Àwa ò mọ kọ́kọ́rọ́ níhìn-ín. Ìgbálẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wa. Òun náà ló sì so ìgbálẹ̀ ọ̀hún, òun àti ọkọ mi, lọ́dún tí ọkọ mi sùn nínú Olúwa.

Ṣùgbọ́n wọ́n jí ẹrù mi. Òótọ́ nìyẹn, mi ò lá àlá. Igi eléèpo funfun tó gbẹ dáadáa, odidi ọwọ́ kan tí a tò láti ilẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú àgbá dísẹ́ẹ̀lì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí i, kí ni mo ṣe? Mo mí kanlẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ló mọ ẹni tí òtútù ń pa. Mo wọlé, mo ṣe oúnjẹ. Mi ò wá kámẹ́rà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ wo ni mo wá wá a?

...

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni.

Dúró síbẹ̀, Saimi. Má sáré kọjá.

Ilé àdúrà kún. Ìwàásù ti parí, a ń kọrin, àwọn tí ọ̀rọ̀ gún lọ́kàn sì ń dìde bọ́ sọ́dọ̀ ara wọn bí a ti ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wa. Bàbá Aarne gba àárín àga bọ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan torí ojú rẹ̀. Mo rò pé ẹlòmíì ló ń lọ bá. Iwájú mi ló dúró sí. Ó gbé apá rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, òórùn èéfín àti ọṣẹ ń jáde lára rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé mo lè gbà gbọ́?"

Bí a ti ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ara wa nìyẹn; a kì í béèrè pé kí ni ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ á sọ ọ́, ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, ẹkún rẹ̀ tó. Mo ní, "Ẹ gbà á gbọ́, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ti di ìdáríjì fún yín, ní orúkọ Jésù àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Mo sọ ọ́ ketekete. Omi wà lójú mi pàápàá.

Ọwọ́ mi sì wà ní ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ìka mi kan nǹkan. Èèpo igi, pẹlẹbẹ, funfun.

Ta ni kò ní èèpo igi lára ní oṣù Kejìlá níhìn-ín? Pásítọ̀ ní i. Èmi fúnra mi ní i nínú irun. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wí pé "gbogbo rẹ̀", ìka mi mú èèpo yẹn, mo fi sínú àpò mi. Ẹnu mi ń tú u sílẹ̀, ìka mi ń wá ẹ̀rí. Mo délé, mi ò tíì bọ́ ẹ̀wù ìjọ́sìn, mo ṣí fóònù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: kámẹ́rà, ìta, òtútù.

Olúwa.

Èyí ti àárín máa ń pa àwòrán mọ́ fún oṣù kan gbáko. Èyí tí owó rẹ̀ kéré, ọjọ́ kan péré, ó ti gbàgbé. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Oṣù kan. Mo ní ìyẹn wúlò. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi dárí jì, tí Ìwé Mímọ́ ní a ti jù sí ìsàlẹ̀ òkun, èmi yìí náà ló ń yan ìwọ̀ tí màá fi fà á sókè, mo sì fẹ́ ìwọ̀ tó le, tí kì í ṣẹ́ nínú òtútù.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ńkọ́? Bó bá jẹ́ òun lóòótọ́...

Àgbá dísẹ́ẹ̀lì. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin. Lórí kẹ̀kẹ́ yìnyín.

Ipa táyà wà níbẹ̀.

Mo rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lórí yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ipa táyà ọkọ̀ àti ti ohun tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, láti ojú títì wọlé, tó yí po ní ẹnu ilé igi, tó tún jáde sí ojú títì. Mo dúró lé e lórí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, yìnyín mìíràn ti bò ó, èmi náà sì jẹ́ kó bò ó lọ́kàn mi. Torí mi ò mọ ẹni tó ni táyà. Kò sójú ẹnì kan tí mo lè bínú sí. Bàbá Aarne ní ojú. Ó gbé ojú náà wá bá mi fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ba níwájú mi nínú ilé Ọlọ́run, ó ní kí n ṣàánú òun, èmi sì kọ ẹkún rẹ̀ sílẹ̀ bí ọlọ́pàá ti ń kọ ẹ̀rí.

Kí ló tọrọ ìdáríjì lé lórí? Mi ò mọ̀. Bóyá ó kùn sí mi nígbà tí mo fowó lé igi. Bóyá ọ̀rọ̀ kan ni òun àti ọkọ mi jọ sọ. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ó ti lọ. Kò sí nílẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ṣà.

Ó sì wá ra igi lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi náà. Jẹ́ kí n sọ èyí náà. Mo wà nílé, ìgbálẹ̀ ò sí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń retí kí n pè é wọlé wá mu kọfí bí mo ti ń ṣe. Mo jáde, mo ká apá mọ́ra, mo dúró ti ilẹ̀kùn ilé igi. Mo ń wò ó bó ti ń so àpò. Mo ń wo agolo. Ó gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa sókè.

"Ṣé kò sí, ìyàwó wa?"

"Kò sí, Bàbá."

"Mo rò pé bóyá ara yín ò yá ni."

"Ara mi yá."

Ó ní, "Ó dáa nígbà náà," ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ti jẹ́ kámẹ́rà kí ti Jouko tó dé. Mo dúró sójú kan, mi ò ṣẹ́jú, mi ò ní ooru nínú.

Kò tíì wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀sán ni, ilẹ̀ sì ti ṣú lóde, bó ti máa ń rí níhìn-ín nígbà òtútù. Ohun tí ń wọn òtútù lẹ́yìn fèrèsé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ogójì. Kò ní ṣe kámẹ́rà ti àárín ní nǹkan kan. Láti ìdí tábìlì yìí mo lè rí fèrèsé ilé rẹ̀ ní òdìkejì adágún, iná pupa rúsúrúsú kan. Èéfín rẹ̀... mo ti ń wo èéfín yẹn láti àárọ̀ láìfẹ́ gbà pé mò ń wò ó. Gbogbo ilé tó kù, èéfín wọn nípọn bí òpó. Tirẹ̀ tín-ín-rín. Ó ń ṣún igi lò. Ó mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. Arúgbó tí kò ríran dáadáa, ó rí mi.

Kámẹ́rà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jẹ́ kí ó wá, kó wo ojú títì, níbi tí táyà ti wọlé. Ibi tí mo fẹ́ kó wò ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Arákùnrin mi nínú Olúwa ni mo fẹ́ máa ṣọ́ nínú òtútù láti inú ilé tó móoru, kí n máa pè é ní ọgbọ́n.

Ìka mi ṣì wà níhìn-ín. Kọfí ti gbẹ mọ́ ẹnu ife. Èèpo igi yẹn ṣì wà nínú àpò ẹ̀wù ìjọ́sìn mi.

Dìde. Ìwọ ni mò ń bá wí, ìwọ tí o fi ẹnu dárí jini tí o sì ń fi ojú ṣọ́ni, dìde níbi tí o jókòó sí. Ju èèpo yẹn sínú iná. Yí ojú kámẹ́rà náà kúrò ní ọ̀nà adágún. Kó igi sórí kẹ̀kẹ́ yìnyín, èyí tó gbẹ jù lọ, fi ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ, kí o gba orí omi dídì lọ bá a kí èéfín yẹn tó kú. Bó bá ṣílẹ̀kùn, má ṣàlàyé. Gbé apá kọ́ ọ lọ́rùn, kí ìwọ náà béèrè bóyá o lè gbà gbọ́.