Awo Tí Aláàánú Ò Lè Febi Pa

Nínú láàbù kan, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì, Aláàánú ni wọ́n ń pe ọmọge kan, torí ó máa ń bá awo sọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Nínú awo pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ti ń sin sẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Ó fẹ́ kí wọ́n di iṣan, irú èyí tó wà lápá èmi àtẹ̀yin. Ọ̀gá sì ti là á mọ́lẹ̀: "Bí oṣù yìí bá parí tí iṣan yẹn ò mira, ẹlòmíì ló máa jókòó sórí àga rẹ."

Wàhálà dé. Gbogbo òwúrọ̀ ni Aláàánú ń bu omi oúnjẹ tó dọ́ṣọ̀ fún wọn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bí sí i, wọ́n kún awo fọ́fọ́, àmọ́ kálukú wà láyè ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ẹ̀lì kan ò lè dá iṣan ṣe. Àfi kí ọ̀pọ̀ wọn para pọ̀ di okùn gígùn kan.

"Àbúrò, dín oúnjẹ wọn kù," ni Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní tábìlì kejì wí. "Bí wọ́n bá ń yó, bíbí ni wọ́n á máa bí. Ebi ló ń mú wọn so pọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́! Ó kúkú ti dín in kù rí. Àmọ́ nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tó fojú sí ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá, tó rí àwọn tó ti kú tí wọ́n léfòó, ó nawọ́ sí ìgò oúnjẹ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú," ló wí, ló bá tún bu oúnjẹ sí i. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ìyá tó bí i, bí àlejò bá ní òun ti yó, abọ́ kejì ló ń gbé wá.

Ìyá yìí ló wá rìnrìn àjò lọ́jọ́ kan. Nígbà tí Aláàánú délé, ìkòkò ṣófo. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí kálukú wọn máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí jẹun, ni gbogbo wọn fún mọ́ra nílé ìdáná. Ọ̀kan ń gé àlùbọ́sà, ọ̀kan ń wá iyọ̀, èyí tó kù ń pariwo pé wọ́n ti fẹ́ jó ọbẹ̀. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín wọn pa pọ̀. Aláàánú dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì lọ́rùn.

"Háà," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó bu omi oúnjẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáwo, ó sì gbé ìgò èyí tó dọ́ṣọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ bá mi tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá sunkún, ẹ má dá mi lóhùn."

Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àwọn kan kú. Àwọn tó kù sún mọ́ra, wọ́n tò, wọ́n wọnú ara wọn.

Nígbà tí oṣù parí, Ọ̀gá fojú sí ẹ̀rọ. Ọ̀gá gbórí sókè, ó wo Aláàánú, ó tún tẹ̀ ba.

"Ó mira," ló wí. "Ó tún mira! Padà sórí àga rẹ, jàre."

Aláàánú sáré síta, ó fi fóònù pe ìyá rẹ̀. "Màmá! Wọ́n ti mira o!"

"Áà, ọpẹ́ o! Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Rárá, Màmá. Ebi ni mo fi pa wọ́n."

"Ebi kẹ̀? Àbí èmi kọ́ ni mo bí ọ ni?"