Èébú Tí Ìyá Tíṣà Máàkì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyáàfin Àtọ́kẹ́ Akínlẹ́yẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ará Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó ló kọ́lé sí, "Ìyá Tíṣà" sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ló fẹ́ràn, kì í sì í fi pamọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kọ ọ́ sórí gúrúùpù Wọ́sáàpù àdúgbò pé ìjọba ń gbìyànjú, kí àwọn èèyàn ṣe sùúrù. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣóbọ̀wálé, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò. Ìyá ò rí i sójú rí. Fọ́tò kìnnìún ló fi síbi tó yẹ kí tiẹ̀ wà. Ohun tó kọ ò sì ní àmì kankan lórí: "Iya yi, igba ti koja lori e. Won ti fi iresi ra e."

Ó dun ìyá wọra. Ó ti tẹ èsì kan tó kan bàbá Ṣóbọ̀wálé àti ìyá tó bí bàbá náà, ó kù kó fi ránṣẹ́, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí "igba" yẹn. Ojú tíṣà ò lè rí irú ẹ̀ kó fò ó. Ó pa gbogbo ohun tó ti tẹ̀ rẹ́, ó wá kọ òmíràn:

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìgbà ló kọjá lórí mi ni, àbí igbá, àbí igba èèyàn? Ká ní igba èèyàn ni, mi ò ní wà láyé dá yín lóhùn. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ lọ fi àmì sí i, kí ẹ sì lo 'yín' fún àgbà. Èébú náà á wọlé dáadáa."

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, Ṣóbọ̀wálé tún èébú rẹ̀ kọ pẹ̀lú àmì, ó sì lo "yín". Ìyá fún un ní mẹ́fà, ó ní àmì abẹ́ lẹ́tà ló kù. Ni Zikrullah, wẹ́dà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìyá gan-an, bá gbé èébú tirẹ̀ wá láti fi gbèjà rẹ̀. Méjì ni ìyá fún un. Inú bí Zikrullah, ó ní ṣebí ẹgbẹ́ kan náà làwọn jọ wà. Ìyá ní ẹgbẹ́ ò sí nínú máàkì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn tó ń bú ara wọn ti ń ronú kí wọ́n tó tẹ nǹkan, àwọn mìíràn sì ti ń rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ ò tó kọ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ṣóbọ̀wálé ránṣẹ́ sí ìyá ní kọ̀rọ̀. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí káńsù lẹ́ẹ̀mejì lórí gọ́tà tó dí ládùúgbò wọn, wọn ò fèsì. Ǹjẹ́ ìyá lè bá òun wò ó. Ìyá wò ó. Ìlà mẹ́ta ló wà fún gọ́tà, ojú ewé kan àtààbọ̀ jẹ́ èpè. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Àmọ́ omi gọ́tà yẹn ń wọ kíṣìnnì tirẹ̀ náà nígbà òjò; kò kàn fẹ́ káwọn alátakò gbọ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jà lórí lẹ́tà náà. Ṣóbọ̀wálé fẹ́ "ìjọba ọ̀dájú", ìyá fẹ́ "ìjọba wa ọ̀wọ́n". Nígbà tó yá, wọ́n kọ "ìjọba" lásán. Èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló fọwọ́ sí i láti ẹgbẹ́ méjèèjì, Zikrullah náà sì wà níbẹ̀.

Ìyá àti Ṣóbọ̀wálé pàdé ní ibùdókọ̀ Pleasure kí wọ́n lè jọ mú lẹ́tà náà lọ sí káńsù. Jàǹdùkú ni ìyá ń retí. Ẹni tó dé jẹ́ aránṣọ kan tó rí tín-ín-rín, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí èébú àkọ́kọ́ yẹn."

Ìyá ní èébú ọ̀hún ò tó ohun téèyàn ń bínú sí.

Nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìbò tó kọjá. Baba tó ń wà wọ́n fara dà á títí, ó wá ní òun ò dìbò rí ní tòun, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ni wọ́n bá jọ kọjú sí i. Wọn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu géètì káńsù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ wá kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà náà dé ìdajì, òjò dé, wọ́n lọ. Ìyá ya fọ́tò ìdajì tó mọ́, ó gbé e sórí gúrúùpù. Kò pẹ́ tí Ṣóbọ̀wálé fi gbé fọ́tò ìdajì tó kù tẹ̀ lé e.