Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Tú

Ojú kan ò gba Káfíńtà mọ́. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ìyá rẹ̀ wà níkangun àga onípákó níbi tí àwọn tí kò lówó ti ń dúró de dókítà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ atẹ́gùn ńkọ́?"

"Ẹyọ kan la ní níbí, ó sì wà nímú ẹlòmíì. Ẹ ní sùúrù, bọ̀dá."

"Sùúrù ni baba ìwà, kì í ṣe baba èémí."

"Rọra o," ni bàbá kan tó ń húkọ́ nítòsí wí, "kí wọ́n má fi wá sẹ́yìn." Ó rò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀yìn wo ló tún kù lẹ́yìn ibi tí a wà yìí?"

Káfíńtà kọjú sí ilẹ̀kùn tó pín ilé ìwòsàn náà sí méjì. Òun ló gbé e kọ́. Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ẹ̀gbẹ́ àwọn olówó nìkan ni kí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ibi tí yóò kan irin tó so ó mọ́ ògiri sí, ibi tí àwọn mẹ̀kúnnù wà ló sì kàn án sí. Ó yọ òòlù àti ìṣó nínú àpò rẹ̀, ó fi ìṣó ti irin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a jáde.

"Yéè! Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?" ni nọ́ọ̀sì ké.

Ilẹ̀kùn yẹ̀. Gbogbo ojú bọ́ sínú yàrá: ibùsùn funfun, kò sẹ́nìkan lórí wọn, ẹ̀rọ atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá ṣì wà lára wọn.

"Ẹ̀ẹ́n," ni bàbá oníkọ́ wí, "àlejò wọn ò tíì dé."

Nọ́ọ̀sì wo yàrá, ó wo ìyá. Ó wọlé, ó sì wọ́ ẹ̀rọ kan jáde.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí ìyá nímú ni dókítà já dé. "Ta ló tú ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Gbé e padà kíákíá!"

"Dókítà, owó orí gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ ibí. Ẹni tó bá lówó, kó sanwó yàrá tútù. Ṣùgbọ́n èémí, ẹni tó ń kú lọ ni kó kọ́kọ́ kàn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀gá yín."

Dókítà fẹ́ fèsì, ikọ́ sì gbé bàbá ọ̀hún. Nọ́ọ̀sì ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti ń lọ mú ẹ̀rọ kejì. Dókítà ló dí ẹnu ọ̀nà. Ó wo bàbá náà, ó sì yà fún un.

Káfíńtà ò tún jókòó. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn tó ń bọ̀ wá mú un lọ́nà ọ̀hún. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tó ti tutù tẹ́lẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.