Ìwé Dídán Nọ́ọ̀sì Ayọ̀bámi

Ìwé kàlẹ́ńdà tó ń dán ni Nọ́ọ̀sì Ayọ̀bámi máa ń mú wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Misturat ní Tẹ̀dé. Àwòrán tó máa ń ní kó tẹ̀ sí i kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, àfi ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yà síbí yà sọ́hùn-ún káàkiri. Yóò ní kó tẹ̀ ẹ́ ní ìdàkejì, bí ohun téèyàn ń wò nínú dígí, kí dúdú rẹ̀ sì ki dáadáa.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Nọ́ọ̀sì?"

"Iṣẹ́ kékeré kan ni, Ìyá Samsudeen."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ Misturat lọ́rùn. Oògùn ayédèrú pọ̀ lóde, ọwọ́ nọ́ọ̀sì yìí sì ni ọmọ rẹ̀ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àbí àmì ara páálí oògùn ló ń yà? Lọ́sàn-án Sátidé, ó pọn ọmọ, ó gun ọ̀kadà lọ sílé nọ́ọ̀sì.

Ó bá Ayọ̀bámi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, tó ń mi abọ́ ike kan. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí omi irin tó dógùn-ún. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí aṣọ nítòsí. Bó ṣe rí Misturat, ó sáré fi ìdérí bo abọ́ náà.

"Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Kí ló wà nínú abọ́ yẹn?"

Ayọ̀bámi yọjú wo títì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Misturat fà sẹ́yìn mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì ṣí abọ́, ó yọ pátákó pẹlẹbẹ kan tí bàbà bo ojú rẹ̀ jáde. Àwọn ilà tí Misturat tẹ̀ níjọ́sí ló wà lára rẹ̀.

"Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé yín mọ́ bàbà, mo rẹ ẹ́ sómi, mo ra ìwé kúrò, dúdú sì ṣẹ́ kù. Omi yìí á jẹ gbogbo bàbà tí dúdú ò bò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ọ̀nà tí iná máa gbà. Bí fíríìjì àjẹsára bá ń gbóná, ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi ṣe á ké."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń fi pamọ́?"

"Ẹnì kan ń yọ wáyà fíríìjì lẹ́yìn mi. Abẹ́rẹ́ tí mo ti dà nù kò kéré. Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ fún."

Misturat gbà á gbọ́ díẹ̀, kò gbà á gbọ́ tán.

Lọ́jọ́ àjẹsára, ó jókòó sẹ́bàá yàrá fíríìjì ní ilé ìwòsàn. Inú ìpàdé ni Ayọ̀bámi wà nígbà tí ẹ̀rọ tó ti so mọ́ fíríìjì ké. Òun àti ọ̀gá wọn sáré dé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá Mọ́ládé akọ̀wé ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ó ti yọ wáyà fíríìjì àjẹsára, ó sì ti ki wáyà fíríìsà tó fi ń ṣe omi tútù tà bọ ojú iná kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

Mọ́ládé ni ọ̀rẹ́ tí Ayọ̀bámi ń bá jẹun pọ̀ lójoojúmọ́.

"Mi ò mọ̀ pé ìgbà díẹ̀ lè ba abẹ́rẹ́ jẹ́," ni Mọ́ládé wí. Ayọ̀bámi yọ wáyà fíríìsà, ó ki ti fíríìjì padà. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n gbé fíríìsà náà jáde.

Nígbà tó kan Samsudeen, Misturat ò tètè sọ ọmọ kalẹ̀.

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fún un yìí ńkọ́?"

"Àárọ̀ yìí ló dé láti Ṣakí. Inú kúlà oníyìnyín ló ṣì wà, ẹ fọwọ́ kàn án."

Misturat fọwọ́ kan kúlà, ó tutù. Ó wo ojú nọ́ọ̀sì, ó rí i pé ó ti sunkún. Ó wá tú ọ̀já.